Semmelweis, Dókítà Tí Ó Gba Abiyamọ Là ní Vienna

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan gbogbo ilé tí aboyún bá wà. Ignaz Semmelweis ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Buda ní Họ́ngárì ni a bí i sí ní ọdún 1818, ó sì ṣe dókítà ní Vienna.

Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá ibẹ̀. Àwọn dókítà àti ọmọ ẹ̀kọ́ wọn ni ó ń gbẹ̀bí ní èkíní, àwọn obìnrin agbẹ̀bí ni ó wà ní èkejì. Ní 1846, ènìyàn 459 kú nínú abiyamọ 4,010 ní wọ́ọ̀dù kìíní. Ní èkejì, 105 ni ó kú nínú 3,754. Ibà ni ó ń pa wọ́n lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Àwọn aboyún a máa sunkún bẹ̀bẹ̀ pé kí a má gbé àwọn lọ sí ti àwọn dókítà.

Semmelweis ní kí wọ́n máa fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ bímọ, bí wọ́n ti ń ṣe ní wọ́ọ̀dù kejì. Ó ka òkú, kò dín. Fáàdá ìjọ Àgùdà a máa gba inú wọ́ọ̀dù náà kọjá pẹ̀lú agogo nígbà tí ó bá ń lọ bá ẹni tí ó ń kú lọ. Wọ́n ní agogo yìí ni ó ń já àwọn obìnrin láyà. Semmelweis bẹ̀ ẹ́ kí ó gba ibòmíràn. Ó tún kà, kò dín.

Ní oṣù kẹta 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kolletschka kú. Ọ̀bẹ ni ó gé e níbi tí wọ́n ti ń la òkú wò, àìsàn rẹ̀ sì jọ ti àwọn abiyamọ. Ìgbà náà ni ó yé Semmelweis pé ọwọ́ tí àwọn dókítà fi kan òkú ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí. Kí àwa má yára fi àlùwàlá yangàn o. Wọ́n ń fi ọṣẹ wẹ ọwọ́, òórùn òkú kò sì kúrò níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ó pàṣẹ kí wọ́n máa fi omi kílórínì fọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹrin, abiyamọ 57 ti kú nínú 312. Ní oṣù kẹfà, 6 ni, nínú 268. Ní gbogbo 1848, 45 nínú 3,556, oṣù méjì sì wà tí ẹnì kankan kò kú.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà dókítà kò gbà á gbọ́. Mo dá òun náà lẹ́bi díẹ̀: 1861 ni ó tó kọ ìwé rẹ̀, ó sì ń bú àwọn alátakò rẹ̀ ní apànìyàn. Ní 1865 wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Vienna. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ lọ tí ó fi kú, ní ẹni ọdún 47. Egbò tí ó kẹ̀ tí ó sì ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ni ó pa á, irú ohun tí ó ń pa àwọn abiyamọ rẹ̀.