Doppler: Orúkọ Ènìyàn Ni, Kì í Ṣe Orúkọ Àìsàn

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ilé kan tá a jọ ń gbé Rippleside níbí dá mi dúró ní Ripple Road, ó ní wọ́n kọ ọ́ síwèé pé kó wá ṣe Doppler. Ẹ̀rù ti bà á, ó rò pé orúkọ àìsàn ni. Mo ní rárá o, orúkọ ènìyàn ni. Ó ní ènìyàn wo? Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ṣé ẹ rí i, agbẹ̀bí ni mí, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ scan wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ inú lọ́wọ́, àmọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin náà ò kún ọwọ́. Mo bá lọ ka ìtàn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwa tá a wà nílẹ̀ àlejò ni màá bá níbẹ̀.

Christian Doppler ni wọ́n ń pè é. Salzburg ní Ọ́stríà ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1803. Òkúta gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ìdílé wọn, ṣùgbọ́n ara ọmọ yìí ò le, kò lè ṣe iṣẹ́ òòlù. Wọ́n ní kó kúkú lọ kàwé. Ó kọ́ ìṣirò àti físíìsì, ó sì ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ ní Vienna fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí iyẹn parí ní 1833, wàhálà dé.

Ó kọ̀wé wáṣẹ́ síhìn-ín, wọn ò gbà á. Ó kọ sọ́hùn-ún, wọ́n ní kó wá ṣèdánwò, síbẹ̀ wọn ò tètè dá a lóhùn. Odindi ọ̀mọ̀wé wá di akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran òwú. (Ta ni ò mọ irú ẹ̀ ní Barking yìí? Ẹni tó ní dìgírì méjì tó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru.) Nígbà tó di 1835, ó sú u. Ó ta ẹrù rẹ̀, ó gba Munich lọ bá aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, ó fẹ́ sọdá òkun. Ohun tí wọ́n ń pè ní jápa lónìí, ọkùnrin yìí ti múra ẹ̀ tán. Díẹ̀ ló kù kó lọ tí Prague fi fún un níṣẹ́ pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìṣirò. Bó ṣe dúró nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó fẹ́ Mathilde Sturm, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún.

Ní Prague yìí náà, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1842, ló dìde níwájú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ó ka àlàyé kan nípa àwọ̀ ìràwọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tá a mọ̀ ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ dúró sétí Ripple Road nígbà tí áńbúláǹsì bá ń sáré bọ̀. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ohùn rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti kọjá yín báyìí, ohùn náà á já wálẹ̀. Awakọ̀ ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Eré ọkọ̀ ló ń fún ìgbì ohùn pọ̀ níwájú, tó sì ń nà án gùn lẹ́yìn. Àwa tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wà lẹ́nu wa látìgbà tá a ti ń rá kòkòrò, kò yẹ kó ṣòro fún wa.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Doppler ṣi ìràwọ̀ sọ. Ó rò pé eré tí ìràwọ̀ ń sá ló ń fún un ní àwọ̀ tá à ń rí. Bí ìràwọ̀ ṣe gbóná tó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ ò yẹ̀. Ní 1845, Buys Ballot, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kó àwọn afunkàkàkí sórí ọkọ̀ ojú irin nítòsí Utrecht, ó fi àwọn tí etí wọn mọ orin dáadáa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Yìnyín bà á jẹ́ ní oṣù kejì, wọ́n padà lọ ní oṣù kẹfà, ohùn kàkàkí sì ṣe bí Doppler ṣe wí gẹ́lẹ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ti ń jẹ ẹ́ lára nígbà náà. Ó kúrò ní Prague ní 1847, ó lọ kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn awakùsà, rògbòdìyàn 1848 bá a níbẹ̀, ó bá tún padà sí Vienna. Ní 1850 ni wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì ibẹ̀. Gregor Mendel, ẹni tó wá ṣàlàyé bí àbùdá òbí ṣe ń dé ara ọmọ, wà lára àwọn tó jókòó ní kíláàsì rẹ̀. Nígbà tó yẹ kó sinmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n Petzval dìde sí i ní 1852 pé ìlànà rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti dá a gúnlẹ̀. Ó lọ sí Venice kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1853, lẹ́ni ọdún 49. Kò gbọ́ nǹkan kan nípa aláboyún rí.

Ó ku ọdún díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ikú rẹ̀ tàbí kó kọjá díẹ̀, ní àwọn ọdún 1950, kí àwọn ará Japan tó fi ìlànà yìí wo ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Ní 1977, àwọn oníṣègùn ní Dublin fi wo ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ á rán ohùn tí etí ò lè gbọ́ wọnú ikùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré á dá a padà ní ohùn mìíràn. Láàárín ìlù ọkàn ọmọ kan sí èkejì, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣàn lọ sínú ibi-ọmọ. Bí ibi-ọmọ bá ń bàjẹ́, ìṣàn yẹn á dínkù, á dúró. Tó bá burú tán, á máa padà sẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ dá mi lágara nínú ẹ̀kọ́ náà ni ọwọ́ gbígbé. Bí o bá gbé ẹ̀rọ dábùú ẹ̀jẹ̀ gan-an, oò ní gbọ́ nǹkan kan, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀. Olùkọ́ mi ti gbá mi lọ́wọ́ nítorí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní ìdí tí mi ò fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní 2011, àbúrò mi obìnrin lóyún nílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Níbi tó lọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré alágbèéká lé e níkùn, wọ́n gbọ́ kì-kì-kì, wọ́n ní ọmọ wà dáadáa, kó máa lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ ò mira mọ́. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ò parọ́ o. Ó sọ pé ọkàn ọmọ ń lù, kò sì lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣàn inú ìwọ́ ni kò sẹ́ni tó wò. Ìwádìí tí wọ́n ti kó jọ fi hàn pé nínú oyún tó léwu, wíwo ìṣàn yìí dín ikú ọmọ kù ní nǹkan bí 29 nínú 100. Fún oyún tí kò ní wàhálà, kò tíì hàn pé ó ń ṣe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣe é fún gbogbo ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ alágbèéká lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dá ara yín lọ́kàn le. Ìlù ọkàn tiyín gan-an lẹ lè máa gbọ́. Bí ọmọ bá dín mímira kù, ẹ pe àwọn agbẹ̀bí lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ìyàwó ilé yẹn lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bó ṣe yẹ lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ ọmọ. Ó pè mí lálẹ́, ó ní kí n tún orúkọ bàbá yẹn pè fún òun, kóun kọ ọ́ sílẹ̀.