Bernhard Riemann: ọmọ pásítọ̀ tó wá iye òṣùwọ̀n tí ìrísí kọ̀ọ̀kan ń gbà

Kò pé ọmọ 40 ọdún tó fi kú, ìwé tó tẹ̀ jáde kò sì pọ̀. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn onímọ̀ ìṣirò káàkiri ayé ń dárúkọ Bernhard Riemann. Ìtàn rẹ̀ la gbé wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1826 ni wọ́n bí i ní abúlé Breselenz, ní ilẹ̀ Hannover tó wà ní Jámánì òde òní. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n, owó kò sì sí nílé. Onítìjú ni Riemann, ara rẹ̀ kò sì le. Nígbà tó wà níléèwé ní Lüneburg, ọ̀gá iléèwé yá a ní ìwé ìṣirò ńlá kan tí Legendre ará Faransé kọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kà á tán.

Lọ́dún 1846 ó wọ yunifásítì Göttingen láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn, kó lè di pásítọ̀ bíi bàbá rẹ̀, kó sì ran ẹbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìṣirò. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bàbá sì gbà fún un. Lọ́dún 1851 ó gba oyè dókítà lábẹ́ Gauss. Lọ́dún 1854 ó sọ̀rọ̀ kan lórí ìpìlẹ̀ ìwọ̀n àyè. Nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ ni Einstein kọ́ ìmọ̀ tirẹ̀ lé.

Èyí tí a fẹ́ dúró lé lórí ni iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1857. Bí káfíńtà bá fẹ́ gé pátákó róbótó, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ti tó o: ìbú rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ni, méjì ló nílò: gíga àti ìbú. Ẹ wá fa ìlà gíga sí apá kan bébà, kí ẹ fa ti ìbú sí apá kejì. Gbogbo ilẹ̀kùn tó lè wà láyé ló ní ojú ibi tirẹ̀ lórí bébà náà, bí ìlú ṣe ní ojú ibi tirẹ̀ lórí máàpù.

Riemann béèrè irú ìbéèrè yìí nípa àwọn ìrísí kan tó ṣòro ju ilẹ̀kùn lọ, àwọn tó ní ihò bíi ti òrùka. Ó rí i pé bí ihò bá jẹ́ méjì, òṣùwọ̀n 3 ni wọ́n ń gbà; bó bá jẹ́ mẹ́ta, 6; bó bá jẹ́ mẹ́rin, 9. Orúkọ tó fún àwọn òṣùwọ̀n náà wá láti inú èdè Látìn, ó túmọ̀ sí òṣùwọ̀n kékeré. Moduli la ń pè wọ́n lónìí.

Ọdún 1857 yẹn kan náà ni arákùnrin rẹ̀ kú, ìtọ́jú arábìnrin mẹ́ta sì já lé e léjìká. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà lọ́dún 1859. Lọ́dún 1862 ó fẹ́ Elise Koch, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi dá a wó. Ó ń lọ sí Ítálì nítorí oòrùn ibẹ̀. Pisa ni wọ́n ti bí ọmọbìnrin rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1866 ló kú ní Selasca, lẹ́bàá adágún Maggiore, ní ọmọ ọdún 39. Roch, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà, kú lọ́dún yẹn kan náà, ní ọmọ ọdún 26.

Iṣẹ́ náà kò kú. Ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn náà, Mumford ní Amẹ́ríkà, Narasimhan àti Seshadri ní Íńdíà, gbé ìbéèrè náà síwájú. Ẹ wo oko iṣu tí wọ́n ri igi sórí ebè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ìrísí Riemann ṣe oko, wọ́n wá ń wá máàpù gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà to igi náà.

Bàbá tó tálákà, tó ń retí pé ọmọ òun yóò di pásítọ̀, ló gbà kí ọmọ náà yí ọ̀nà padà. Ká ní ó kọ̀, a ì bá má gbọ́ orúkọ Riemann.