Dókítà Oguntola Sapara: Ẹni tó wọ inú awo kó lè ṣẹ́gun ìgbóná

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìgbóná. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, èèyàn kì í dárúkọ Ṣànpọ̀nná ní gbangba. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan lára àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu nítorí àrùn yìí ni Dókítà Oguntola Sapara.

Ìlú Freetown, ní Sierra Leone, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1861. Alexander Johnson Williams ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ìṣègùn ní London àti Scotland, ó pa orúkọ òyìnbó tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó lọ́dún 1896.

Nígbà tí ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1897, wọ́n bupá fáwọn èèyàn, síbẹ̀ àrùn náà ò lọ. Ara fu dókítà. Ló bá yọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ Ṣànpọ̀nná, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí àṣírí bá tú, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé àwọn kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í kó àrùn ran ẹlòmíì, torí àwọn ni wọ́n máa ń kó ẹrù ẹni tí ìgbóná bá pa. Àṣírí tó tú yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1907.

Síbẹ̀, Sapara ò kórìíra nǹkan ìbílẹ̀. Aṣọ Yorùbá ló máa ń wọ̀, ó sì wádìí ewé àti egbò gan-an. Ó kú lọ́dún 1935. Ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé.