Paul Ehrlich, Ẹni Tí Ó Wá Ojú Ilẹ̀kùn Àrùn

Kò sí aláró tí kò mọ̀ pé gbogbo aṣọ kọ́ ni ó ń mu aró bákan náà. Aró a dì mọ́ èyí ṣinṣin, a sì bọ́ lára òmíràn bí a bá ti fọ̀ ọ́. Lórí irú àkíyèsí yìí ni Paul Ehrlich, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé iṣẹ́ ayé rẹ̀ kà.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1854 ni a bí i sí ìdílé Júù ní ìlú Strehlen, tí ó wà ní ilẹ̀ Poland lónìí. Nígbà tí ó ń kọ́ ìṣègùn, ó rí i pé bí a bá ta aró sí ẹran ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan a gbà á, àwọn mìíràn a kọ̀ ọ́. Ó wá rò ó pé bí aró bá lè yan ibi tí yóò dì mọ́, ó yẹ kí oògùn lè yan kòkòrò àrùn, kí ó sì dá ara ènìyàn sí. Ikọ́-àwúgbẹ kọlù òun fúnra rẹ̀, ó sì lọ wá ìlera sí ilẹ̀ Íjíbítì ní 1888. Lẹ́yìn tí ó padà dé, ó fi aró búlúù kan tọ́jú alárùn ibà méjì ní 1891, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní.

Ní 1897 ó kéde èrò rẹ̀ pé ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí ó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ó bá bá ihò náà mu nìkan ni ó lè dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan takò ó gidigidi, ṣùgbọ́n ní 1908 òun àti Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Opó ọlọ́rọ̀ kan, Franziska Speyer, ti fi owó kọ́ ilé ìwádìí fún un ní Frankfurt, èyí tí a ṣí ní 1906. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ti ń po oògùn kan tẹ̀ lé òmíràn, tí wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Wọ́n ti pa èyí tí ó ń jẹ́ 606 tì bí ohun tí kò wúlò. Ní 1909 ni Sahachiro Hata, ọmọ ilẹ̀ Japan, tún un dán wò, ó sì rí i pé ó ń pa kòkòrò àrùn sífílísì. Ní 1910 a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní orúkọ Salvarsan.

Ṣùgbọ́n májèlé ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀. Ó pa àwọn aláìsàn kan lára, àwọn mìíràn sì kú. Ọ̀rọ̀ òdì gba ìgboro kan, títí ó fi di ẹjọ́ ní 1914. Ilé ẹjọ́ dá ẹni tí ó bà á lórúkọ jẹ́ lẹ́bi, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ti mú Ehrlich. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1915.

Irúgbìn rẹ̀ kò kú. Ní àwọn ọdún 1960, James Black, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe oògùn propranolol, tí ó ń dí ihò kọ́kọ́rọ́ kan lára ọkàn kí ọkàn má baà sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trastuzumab, tí ó ń dì mọ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ kan tí ó pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe lé ọmọ tí ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, olóyè yín a máa ṣèlérí ilé ìwòsàn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pẹ̀lú pé èló ni yóò yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí yóò wá oògùn tí a óò lò nínú rẹ̀, àti pé yóò ha lè ní sùúrù títí yóò fi kan nọ́ńbà tí ó wúlò bí?