Herbert Baker àti Ilé Ìjọba Orí Òkè ní Pretoria

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa olókìkí kan tó ti kú tipẹ́. Mo mọ̀ pé Herbert Macaulay lọ̀pọ̀ yín á máa retí. Herbert mìíràn ni mo mú wá. Òyìnbó ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ilé ìjọba. Ẹni tó bá wo tẹlifíṣàn ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1994, nígbà tí Mandela ń búra, ti rí èyí tó lókìkí jù nínú ilé tó kọ́ ní Áfíríkà, bí kò tilẹ̀ mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Ọdún 1862 ni wọ́n bí Herbert Baker ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Owletts. Lọ́dún 1892, ọmọ ìyá rẹ̀ kan fẹ́ lọ gbin èso ní Cape, ní Gúúsù Áfíríkà, òun náà bá a lọ. Èso kọ́ ló wá sọ ọ́ di ẹni ńlá o. Ó bá Cecil Rhodes pàdé, ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba Cape nígbà náà. Rhodes gbé ilé tirẹ̀, Groote Schuur, fún un láti tún kọ́. Ilé náà jóná lọ́dún 1896, Baker tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó di 1900, Rhodes náwó fún un pé kó lọ wo ilé àtijọ́ ní Íjíbítì, Gíríìkì àti Ítálì. Owó yẹn kò ṣòfò, ẹ óò rí i.

Lẹ́yìn ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Bóà, tó parí lọ́dún 1902, Baker kó lọ sí Johannesburg. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1910, wọ́n so ilẹ̀ mẹ́rin pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà ní Cape Town, ilé ẹjọ́ gíga wà ní Bloemfontein, Pretoria ló gba ọ́fíìsì ìjọba. Baker kò fẹ́ àárín ìlú. Orí òkè Meintjieskop ló mú, níbi tí gbogbo ìlú á ti máa gbójú sókè wò ó.

Kí á sọ òótọ́, ilé náà dára. Ó gùn tó mítà 285. Òkúta aláwọ̀ ìyanrìn ni wọ́n fi mọ ọ́n, páànù alámọ̀ pupa ló sì wà lórí rẹ̀. Apá méjì ló ní, ọgbọọgba ni wọ́n, ilé ìṣọ́ gíga kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ òpó tó tẹ̀ bí ọrun ló so méjèèjì pọ̀, pápá alájòókòó òkúta kan sì wà láàárín wọn, irú èyí tó rí ní Gíríìkì. Ó ju ẹgbẹ̀fà òṣìṣẹ́ lọ tó ṣe é láti 1910 títí di 1913, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Apá kan dúró fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá kejì fún àwọn Bóà. Àwọn onílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má rò pé Baker gbàgbé wọn o, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí. Ó rò ó. Ó fẹ́ fi ibi ìpàdé kékeré kan sí inú ọgbà ìsàlẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n lè ti ìta mọ bí ìjọba ti tóbi tó, láìwọ inú ilé. Wọn kò kọ́ ìyẹn pàápàá. Ọdún 1913 tí ilé náà parí ni ìjọba ṣe òfin ilẹ̀ tó fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ baba wọn.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe, àbí kí ni ti bíríkìlà nínú òṣèlú? N ò gbà. Ẹni tó jókòó ro ibi tí èèyàn á dúró sí, tó wá yan ìta fún un, ti bọ́ sínú òṣèlú nìyẹn.

Ìyókù ayé rẹ̀, ọlá lórí ọlá ni. Òun àti Edwin Lutyens jọ ya àwòrán ilé ìjọba New Delhi, wọ́n sì jà lórí bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe gun òkè. Ó ṣiṣẹ́ ní Nairobi, lórí ilé gómìnà tó wá di State House. Ó kọ́ South Africa House ní London, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1933. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá lọ́dún 1926. Owletts tí wọ́n ti bí i náà ló kú sí lọ́dún 1946, wọ́n sì sin eérú rẹ̀ sí Westminster Abbey.

Kò rí ohun tó gun òkè Meintjieskop lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1956, nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan obìnrin rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gba ìwé páàsì tí ìjọba fẹ́ máa fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Lilian Ngoyi, Helen Joseph, Rahima Moosa àti Sophia Williams ló ṣáájú wọn. Olórí ìjọba, Strijdom, kò yọjú. Wọ́n kó ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n sì dúró ní ìdákẹ́rọ́rọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àwọn kan. Nígbà tí Mandela kú lọ́dún 2013, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tẹ́ òkú rẹ̀ síbẹ̀ tí èrò ń tò kọjá. Orúkọ rẹ̀ ni pápá òkúta Baker ń jẹ́ báyìí.

Àwọn obìnrin 1956 yẹn fi ara wọn wé ọlọ, òkúta tí ẹni bá gbá yóò mọ̀ pé òun gbá nǹkan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2000, wọ́n ṣí ohun ìrántí wọn níbẹ̀, láàárín apá Gẹ̀ẹ́sì àti apá Bóà, níbi tí Baker kò yàn fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kì í ṣe ère. Ọlọ kan ni, bí irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ata, wọ́n gbé e kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn òpó náà yí i ká.