Ìmáámù Málíkì, Onímọ̀ Òfin Tó Kọ Ìfipámúni

Orúkọ Ìmáámù Málíkì ọmọ Anas kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ìlànà rẹ̀ nínú òfin Ìsìláàmù ni àwọn baba ńlá wa bá lọ́wọ́ àwọn àlùfáà tó kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Ìyà tí ìjọba fi jẹ ẹ́ ni kò wọ́pọ̀ lẹ́nu.

Ìlú Mẹ̀dínà ni a ti bí i ní nǹkan bí ọdún 711, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ni títí ó fi di arúgbó. Ní ọdún 762, Muhammad ọmọ Abdullah, tó jẹ́ ìran Ànọ́bì, dìde ọ̀tẹ̀ sí Kálífà al-Mansur ní ìlú náà. Ìdààmú bá àwọn ará ìlú, nítorí wọ́n ti búra ìtẹríba fún Kálífà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí Málíkì ń kọ́ni ni pé ìkọ̀sílẹ̀ tí a fi ipá gbà lẹ́nu ọkọ kò múlẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ: bí ìkọ̀sílẹ̀ tipátipá kò bá múlẹ̀, ìbúra tipátipá fún ọba náà kò múlẹ̀. Lẹ́yìn tí a tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, gómìnà Mẹ̀dínà, Jafar ọmọ Sulayman, ní kí wọ́n na Málíkì ní ẹgba. Wọ́n nà án tó bẹ́ẹ̀ tí apá rẹ̀ fi yẹ̀ ní èjìká. Kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ìjọba kan náà tún padà wá bá a pẹ̀lú ọlá. Kálífà fẹ́ kí a da ìwé rẹ̀, Muwatta, kọ ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú, kí a sì pa á láṣẹ pé òun nìkan ni kí gbogbo ènìyàn máa tẹ̀lé. (Àwọn òpìtàn kan ní al-Mansur ni, àwọn mìíràn ní Harun al-Rashid ni.) Òǹkọ̀wé wo ni kò ní yọ̀? Málíkì kọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn sàábé Ànọ́bì ti tú ká sí oríṣiríṣi ilẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ti gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ohun tó sì ti mọ́ wọn lára kò yẹ ní fífi agbára gbà lọ́wọ́ wọn.

A kò lè sọ pé ìjọba tiwa-n-tiwa ni Málíkì ń wàásù. Irú rẹ̀ kò sí lákòókò tirẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pàtàkì, al-Shafi'i, yapa sí i lórí ọ̀pọ̀ ìdájọ́, ó sì dá ìlànà tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn Mùsùlùmí sì ka ìlànà méjèèjì sí ojúlówó.

Málíkì kú ní ọdún 795, wọ́n sì sin ín sí ìtẹ́ Baqi ní Mẹ̀dínà. Ìlànà rẹ̀ gba Àríwá Áfíríkà kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà dé ọ̀dọ̀ wa, nínú ìwé bíi Risala tí Ibn Abi Zayd ti ìlú Kairouan kọ, tí wọ́n ṣì ń kà ní àwọn ilé kéwú wa.