HENRY TOWNSEND NÍ ABẸ́ÒKÚTA: IṢẸ́ RERE ÀTI ÌWÀ TÓ ṢÍJI BÒ Ó

Ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí Henry Townsend ní ọdún 1815. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé e dé Sàró ní 1836, lábẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn Ẹ̀gbá pàdé, àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, tí ọkàn wọn sì ń fà sílé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ń béèrè olùkọ́, Townsend ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ rán lọ wo ilẹ̀. Ó wọ ìlú náà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1843. Andrew Wilhelm, Ẹ̀gbá láti Sàró, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá nígbà náà, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Townsend gba oyè àlùfáà ní 1844, ó sì dé Àgbádárìgì ní 1845 pẹ̀lú Gollmer àti Àjàyí Crowther. Ikú Ṣódẹkẹ́ dá wọn dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Oṣù Kẹjọ 1846 ni Townsend àti Crowther jọ wọ Abẹ́òkúta. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí Crowther fi fojú kan Àfàlá, ìyá rẹ̀, tí wọn kò rí ara wọn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi.

Ẹni tó bá ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú kéré ohun tí Townsend ṣe ní Abẹ́òkúta. Ó gbọ́ èdè náà. Ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí ìlú. Ní oṣù Kejìlá 1859, ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, tí a ń tà ní ọgọ́fà owó ẹyọ. Àwọn ìjòyè fọkàn tán an débi pé òun ni wọ́n ń fi lẹ́tà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ní àléébù. Kì í ṣe àléébù olè, kì í sì í ṣe ti ọtí tàbí obìnrin, èyí tí ìjọ máa ń tètè rí. Ìgbéraga ni, irú èyí tí ẹni tó ní in kì í kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní 1851 pé ó ṣeé ṣe kí a fi Crowther joyè Bíṣọ́ọ̀bù, Townsend kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ẹgbẹ́ náà láti dí i lọ́wọ́, àwọn aláwọ̀ funfun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Èrò tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí àwọn ọba àti ìjòyè bá ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ aláwọ̀ dúdú, nítorí pé ó jẹ́ ìránṣẹ́ òyìnbó ni, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Ó ṣòro láti mọ bí ẹni tí Wilhelm bá wọ Abẹ́òkúta, tó sì bá Crowther jẹ, tó bá a mu, ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ogun Ìjàyè tún fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn ìwà rẹ̀ hàn. Láàrin 1860 sí 1862, Ẹ̀gbá gbèjà Ìjàyè, Townsend sì gbe Ẹ̀gbá nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní Ìbàdàn, David Hinderer, àlùfáà ẹgbẹ́ C.M.S. kan náà, ń gbèjà Ìbàdàn, ebi sì ń pa òun àti ìyàwó rẹ̀ nítorí pé a ti dí ọ̀nà. Àwọn tó ń wòran ní ìlú méjèèjì kò tíì mọ púpọ̀ nínú Bíbélì. Ohun tí wọ́n rí ni pé oníkálukú ní òyìnbó tirẹ̀, àti pé ìhìn àlàáfíà kò dí òyìnbó lọ́wọ́ láti gbe ẹnì kan lójú ogun.

Ní oṣù Kẹfà 1864, Crowther joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ló dúró ti ọ̀rọ̀ yìí gbọn-in. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ilẹ̀ Yorùbá kọ̀ láti wà lábẹ́ rẹ̀, a sì yọ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Ìjà Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Glover ní Èkó ló fà á, kì í ṣe ìwà Townsend. A kò gbọdọ̀ di ẹrù yẹn lé e lórí. A fọ́ ilé ìjọ, a lé àwọn òyìnbó jáde, Ìwé Ìròhìn sì parí síbẹ̀. Ta ló wá di ìjọ mú? Àwọn olùkọ́ àti àlùfáà aláwọ̀ dúdú ni, àwọn tí ìwé ẹ̀bẹ̀ 1851 sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní bọ̀wọ̀ fún láìsí òyìnbó lẹ́yìn wọn. Ìjọ Abẹ́òkúta kò kú.

Townsend fẹ̀yìn tì ní 1876, ó sì kú ní 1886. Kò sí láyé mọ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó C.M.S. dojú kọ Crowther arúgbó lórí odò Ọya ní 1890, tí wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èrò tí wọ́n gbé wá kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá rántí 1851. Ní oṣù Kẹjọ 1891, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Èkó dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Wọn kò kọ Jésù. Àwọn tó mú ìròyìn rẹ̀ wá ni wọ́n kọ̀ láti tún jókòó sábẹ́ wọn.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà ni Crowther kú. Ó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìlú tí ìyá rẹ̀ ti ṣe ìrìbọmi kò sí lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀.